Ìdána Láìdáná

Ẹja ni Morìnsọ́lá ń yan ní Ajégúnlẹ̀. Inú èéfín ló ti tọ́ Dinah, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, látìgbà tí bàbá ọmọ ti kú. Nígbà tí Kọ̀yà, akọ̀wé ọ́fíìsì ọkọ̀ òkun ní Àpápá, ní òun fẹ́ fẹ́ Dinah, ó ní kí ìyá wá bá òun jẹun ọ̀sán kí àwọn sọ ọ́. Ìyá wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Àṣé ilé oúnjẹ àwọn ará Japan ni ọkọ ọmọ ń mú un lọ! Wọ́n ní kí wọ́n bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Kọ̀yà bọ́ tiẹ̀, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ yọjú nínú ìbọ̀sẹ̀.

"Ẹ kú ilé o," Morìnsọ́lá kí àtàǹpàkò.

"Àṣà wọn ni, mà."

"Àṣà wọn ni kí ìbọ̀sẹ̀ lu?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń jẹun níbí. Ohun tí mo bá ti ṣe ni kẹ́ ẹ ṣe."

Wọ́n jókòó sórí ẹní, Kọ̀yà gbé ìwé ìròyìn rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ ọlọ́mọ, ilẹ̀ ló ní kí ọlọ́mọ jókòó sí! Ìyá gbé e mì. Ìwà ló wá wò. Kò ní í fa Dinah lé òpùrọ́ lọ́wọ́. Àmọ́ Kọ̀yà ti ń fimú sọ Yorùbá látìgbà tó ti dé ọ́fíìsì, ohùn rẹ̀ kì í gòkè, kì í sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

Ọkùnrin kan gbé abọ́ ọbẹ̀ wá, ó tẹrí ba, ó lọ.

"Kí nìyí?"

"Mísò, mà."

"O ò sọ kẹ̀? Ohun tí mo fẹ́ fi sẹ́nu, o ní o ò sọ?"

"Orúkọ rẹ̀ ni, mà."

"Ọbẹ̀ tó ní òun ò sọ, ohun tó wà níkùn ẹ̀ ò dáa. Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

"Ṣé kí wọ́n gbé sákè wá?"

"Ṣàkì! Ẹ̀n-ẹ́n, o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ni. Kí wọ́n fi ata sí i."

"Ọtí ni, mà."

"Wọ́n fi ṣàkì pọntí? Kí ni wọ́n wá ń sè lọ́bẹ̀, ìgò?"

Kọ̀yà rẹ́rìn-ín ọ̀mọ̀wé. Ẹ̀rín yẹn dun ìyá ju ilẹ̀ tó jókòó sí lọ. Ẹja dé, wọ́n gé e pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, ó ń dán. Kọ̀yà na igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì sí ìyá.

"Ẹ gba igi, mà."

"Igi wà, ẹja wà. Ìṣáná ló kù."

"Igi ìjẹun ni, mà."

Morìnsọ́lá fìka tẹ ẹja, ó gbóòórùn rẹ̀. "Kọ̀yà, wọn ò yan eléyìí, wọn ò sè é, wọn ò dín in."

"Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ nìyẹn. Ọ̀làjú ni, mà."

"Ológbò ilé mi náà ti lajú nìyẹn."

"Màámi, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ohun tó gbé wa wá. Ọ̀rọ̀ ìdána."

"Ìdáná! Òun gan-an ni mò ń wí! Kí ló dé tí wọn ò dáná?"

"Ìdána, mà. Ti Dinah."

"Dinah mọ iná dá ní tiẹ̀! Ọmọ ọdún méje ló ti ń koná sí ààrò. Àwọn ará ibí ni kí wọ́n dáná."

"Èmi ni mo fẹ́ dána, mà!"

"Dìde nígbà náà, ilé ìdáná wà lẹ́yìn."

Kọ̀yà nu ojú. Ìyá nàka sí kiní aláwọ̀ ewé kan létí àwo.

"Ìyẹn ńkọ́?"

"Píà ni, mà. Wọ́n gún un ni."

"Ṣé o ti jẹ ẹ́ rí?"

"Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀!" Ó kó gbogbo rẹ̀ sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà.

Àṣé ata àwọn ará Japan ni! Ojú rẹ̀ pọ́n. Imú tó fi ń sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi. Ó fò dìde.

"Iná! Màámi, iná!"

"Ó ṣe tán, wọ́n dá a! Ẹnu rẹ ni wọ́n ń lò fún ààrò!"

Kọ̀yà gbé abọ́ mísò, ó gbé e mu tán. Nígbà tó la ẹnu, ohùn Yorùbá rẹ̀ ti padà sípò, wẹ́kú.

"Ẹ dákun, mà. Òní ni mo kọ́kọ́ dé ibí. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí mi bí èèyàn ni."

"Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jinná lẹ́nu rẹ látàárọ̀."

Ìyá mú ìwé ìròyìn Kọ̀yà nílẹ̀, ó fi di gbogbo ẹja náà.

"Wọ bàtà. Ajégúnlẹ̀ là ń lọ báyìí, ẹja ò dúró de ẹnì kan. O máa dáná, o máa yan án. Tó bá jinná tí kò jóná, a jẹ́ pé a ó sọ̀rọ̀ ìdána."

"Màámi, mi ò dáná rí láyé mi."

"Òpùrọ́! O ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a sẹ́nu tán ni, láìṣá ìṣáná."