Etí Kan Ni Mo Fi Wo Fíìmù Abanilẹ́rù Náà

Sátidé kan wà tí kò lè parẹ́ lọ́kàn mi, ọjọ́ tí mo fi ọ̀pá tọ́ka sí imú iwin níwájú èrò, tí mo sì ń sọ fún wọn pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ fíìmù ṣe wọ̀ mí lára.

Mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ nígbà náà. Lọ́jọ́ Iléyá kan, à ń wo fíìmù abanilẹ́rù nílé ọ̀gá mi, a wá dé ibi tí gbogbo wa rò pé ilẹ̀kùn kan fẹ́ ṣí. Gbogbo ilé bojú. Èmi nìkan ni mi ò bojú, kì í sì í ṣe pé mo láyà. Mo ṣàkíyèsí pé ilẹ̀kùn yẹn kò mira rárá. Kámẹ́rà ló ń rọra sún mọ́ ọn. Ilẹ̀kùn tó dúró jẹ́ẹ́ ló ń lé àwọn àgbà sẹ́yìn àga! Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìgbà tí wọ́n bá gé àwòrán, tí mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n oníbàárà. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ lè rí ìbàdí ìyá kan, kí ẹ sì rí i lábẹ́ rẹ̀ pé: “Ojú obìnrin náà nìkan, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin.”

Alhaji kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní gbọ̀ngàn kékeré kan nítòsí ojú irin, ní Ọ̀fà níbí. Lọ́sàn-án Sátidé, bí ogún ènìyàn máa ń pé síbẹ̀ láti wo fíìmù, kí wọ́n sì jíròrò lórí rẹ̀. Wọ́n wá ń fẹ́ ẹni tí yóò máa ṣàlàyé iṣẹ́ ọwọ́ inú fíìmù fún wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tíṣà kan tó ní ìwé ẹ̀rí ń du ipò náà. Èmi ò ní ìwé ẹ̀rí kankan, ṣùgbọ́n mo fẹ́ ẹ ju bí mo ṣe fẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun lọ. Alhaji ní kí n fi fíìmù oníṣẹ́jú mẹ́sàn-án kan dán ara mi wò. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Bùkọ́lá ló yà á.

Ìtàn inú rẹ̀ kò gùn. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Àlàkẹ́ dá wà nílé nírọ̀lẹ́, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó gbójú sókè, ó ní “Ẹ̀ẹ́n?” Láti ìgbà tó ti dáhùn yẹn, ilé ò rójú mọ́.

Ìgbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo wò ó lórí fóònù nídìí ẹ̀rọ. Bí télọ̀ ṣe ń ṣe ni mo ṣe: mo ki íapíìsì sí etí ọ̀tún, mo fi etí òsì sílẹ̀ de oníbàárà. Mo sì dín ìmọ́lẹ̀ fóònù kù gidigidi, torí pé iná kì í dúró ládùúgbò wa. Àwárí ńlá méjì ni mo ṣe. Èkíní ni pé ẹnikẹ́ni kò pe Àlàkẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ ló dá lóhùn. Èkejì ni pé ní ìṣẹ́jú kẹfà, kámẹ́rà tẹjú mọ́ igun yàrá tó ṣófo fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìnlá gbáko. Orí mi wú. Mo ní ẹni tó ya fíìmù yìí mọṣẹ́.

Lọ́jọ́ náà, mo mú ọ̀pá ìwọ̀n aṣọ mi dání bí olùkọ́. Alhaja kan tí mo máa ń ránṣọ fún jókòó síwájú, tíṣà náà jókòó ti Alhaji, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Wọ́n tan fíìmù sára ògiri. Bó ṣe ku díẹ̀ kí Àlàkẹ́ gbójú sókè, mo gbọ́wọ́ sókè, mo ní, “Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Àrà tó wà níbẹ̀ nìyẹn.”

Láti inú sípíkà apá òsì, ohùn obìnrin kan rọra jáde. “Àlàkẹ́ o.”

“Má jẹ́ ẹ,” ni Alhaja sọ, kí Àlàkẹ́ tó lanu. Ta ni kò mọ̀ pé a kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a ò rí?

Èmi rò pé fóònù ẹnìkan ló dún. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́ pa fóònù wọn.

“Télọ̀,” ni Alhaja wí, “inú fíìmù ni wọ́n ti pè é. Ṣé ìwọ ò gbọ́ ni?”

Mo ní mo gbọ́, mo kàn ń dán wọn wò ni. Irọ́ ńlá. Ó yẹ kí n jókòó, ṣùgbọ́n mo pinnu pé igun yàrá yẹn ni yóò gbà mí. Nígbà tó dé, mo bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo gbé ọ̀pá lé e, mo ní, “Ẹ wo ibí. Òfìfo ni. Òfìfo yìí ló ń dẹ́rù bà yín.” Àwọn èèyàn tẹjú mọ́ orí ọ̀pá mi. Ibi tí wọ́n ń wò ni mo bá wò. Bàbá arúgbó kan dúró ní igun náà, ó funfun bí ẹfun, orí ọ̀pá mi sì wà nímú rẹ̀ gẹ́lẹ́.

Èmi tí mo ti wo fíìmù náà nígbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fò sẹ́yìn. Mo kọlu bútà tí Alhaji gbé sílẹ̀ de ìrun Alásárì, gbogbo omi rẹ̀ sì ya sí bàtà tíṣà.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí fíìmù fi parí. Bùkọ́lá, tó ti jókòó sẹ́yìn látàárọ̀, ló wá béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, etí mélòó lẹ fi gbọ́ ọ?” Apá òsì nìkan ló fi ìpè náà sí. Tíṣà ní kí télọ̀ padà sídìí aṣọ. Ojú tì mí, àmọ́ mi ò kúrò níbẹ̀.

“Alhaji,” ni mo wí, “ẹ fún mi ní Sátidé kan sí i. Bí mo bá tún ṣì í, mi ò ní bẹ̀ yín mọ́.”

Alhaji wo bàtà tíṣà, ó wò mí. “Ó dáa. Ṣùgbọ́n jìnnà sí bútà.”

Lọ́sẹ̀ náà, mo ta aṣọ dúdú bo fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, mo tan ìmọ́lẹ̀ fóònù dé góńgó, mo ki íapíìsì sí etí méjèèjì. Oníbàárà kan wá láti Òjòkú, ó kànkùn títí, ó padà lọ láìrí ṣòkòtò rẹ̀ gbà. Mi ò gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ Àlàkẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pè é, ní òsì nìkan: ìkíní lọ́nà jíjìn, ìkejì nítòsí, ìkẹta bí ẹni pé ẹni náà ti wà nínú orí ẹni. Bàbá arúgbó yẹn sì ti wà nínú ìran márùn-ún kí ó tó dé igun yàrá. Mo fi téèpù wọ̀n ọ́n lójú fóònù: bí ìran kọ̀ọ̀kan ṣe ń kọjá ni ó ń ga sí i díẹ̀.

Ní Sátidé kejì, ìran kọ̀ọ̀kan ni mo ń dá dúró tí mo ń fi hàn wọ́n. Alhaja ní kí n tún ìpè kẹta dá padà, ó fà mọ́ ẹni tó jókòó tì í. Nígbà tí mo parí, Alhaji ní kí n máa bọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tíṣà bọ̀ mí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n sálúbàtà ló wọ̀ wá.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí ènìyàn tó ní nǹkan kan kò sí, kí ó kọ́kọ́ yẹ ojú àti etí ara rẹ̀ wò. Bí mo bá ń sọ ọ́ báyìí, ẹ̀rín ara mi ló máa ń pa mí, ẹ̀rín ẹni tó da omi bútà sí bàtà ẹlòmíràn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sọ fún Bùkọ́lá pé ìpè kan ṣì wà ní ìṣẹ́jú kẹjọ, lábẹ́ ariwo òjò. Ó ní kò sí, mẹ́ta péré lòun fi sí i. A jọ gbọ́ ọ. Bùkọ́lá bú sẹ́rìn-ín: ìyá òun ló ń pe obìnrin tó ṣeré náà, tí orúkọ tirẹ̀ gan-an ń jẹ́ Àlàkẹ́, pé kí ó wá jẹun. Wọ́n gbàgbé láti yọ ọ́. Mo fa ìlà sórí mẹ́ta nínú ìwé mi, mo kọ mẹ́rin.