Ẹ̀rọ Kọfí fún Ìyá Adéṣínà

(Ṣọ́ọ̀bù Adéríbigbé ní Ọ̀yọ́, àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan lọ́dún 1956. Adéríbigbé ti ṣe kúùkù fún àwọn òyìnbó Onítẹ̀bọmi l'Ógbómọ̀ṣọ́ rí. Ẹrù tí òyìnbó bá tà kó tó padà sílùú rẹ̀ ló ń tà báyìí. Àtinúkẹ́, ìyàwó Oyèlékè akọ̀wé kóòtù, wọlé. Kò jókòó.)

ÀTINÚKẸ́: Ẹ kú ọjà o. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń se kọfí nílé ni mo wá yàn.

ADÉRÍBIGBÉ: Ẹ káàbọ̀, Ìyá Adéṣínà! Láti ìgbà wo lẹ ti ń mu kọfí?

ÀTINÚKẸ́: Èmi kọ́, ọkọ mi ni. Láràárọ̀, kí n tó bu ẹ̀kọ fún un, ó ti jáde. Ó ní òun ń lọ mu kọfí nílé Róòsì, opó tó ń ránṣọ nítòsí pósófíìsì. Ó ní ojú òun ò lè là láìmu ún. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi ẹ̀kọ mi lajú, a ò mọ̀ pé ó ń sùn ni!

ADÉRÍBIGBÉ: Ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n lẹ wá. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, òyìnbó kan ò lè gbàdúrà àárọ̀ àfi tó bá mu tèmi tán.

ÀTINÚKẸ́: Ọlọ́run náà á wá máa dúró dè yín.

(Adéríbigbé ká aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ méjì.)

ADÉRÍBIGBÉ: Èyí, orí sítóòfù lẹ máa gbé e kà. Omi á hó, á gòkè, á dà sórí kọfí, á sọ̀ kalẹ̀, á tún gòkè.

ÀTINÚKẸ́: Kí ló sọnù lọ́wọ́ ẹ̀ tó ń wá?

ADÉRÍBIGBÉ: Bó ṣe ń dùn nìyẹn! Ṣùgbọ́n èyí lọ̀gá wọn. Òyìnbó Ítálì kan tó ń la títì ló ni ín. Ẹ́sípírẹ́sò!

ÀTINÚKẸ́: Orúkọ ni àbí èébú?

ADÉRÍBIGBÉ: Orúkọ ni. Ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ máa mú hóró kọfí, ẹ ó wá lọ̀ ọ́.

ÀTINÚKẸ́: N ó wá lọ? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ ti ń lé mi.

ADÉRÍBIGBÉ: Mo ní ẹ ó lọ̀ ọ́, bí ẹ ṣe ń lọ ata!

ÀTINÚKẸ́: Ẹ ò bá ti tètè dárúkọ ata.

ADÉRÍBIGBÉ: Tí omi rẹ̀ bá gbóná tán, ẹ ó di ọwọ́ irin yìí mú. Gbogbo agbára lẹ ó fi tẹ̀ ẹ́.

ÀTINÚKẸ́ (ó kọwọ́ sí ìbàdí): Èmi ni n ó tẹ́?

ADÉRÍBIGBÉ: Tẹ̀! Tẹ̀! Irin lẹ máa tẹ̀!

ÀTINÚKẸ́: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa rọra pe ọ̀rọ̀ yẹn fún obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń mu kọfí níta.

(Adéríbigbé lọ kọfí, ó dáná, ó fi àyà lé ọwọ́ irin. Ẹ̀rọ súfèé. Omi dúdú díẹ̀ kán sínú ife.)

ÀTINÚKẸ́: Ìyókù ńkọ́?

ADÉRÍBIGBÉ: Ó tán. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí.

ÀTINÚKẸ́: Gbogbo làálàá yẹn? Omijé tèmi jù báyìí lọ.

(Ó gbé e mu. Ojú rẹ̀ hunjọ. Ó sáré dé ẹnu ọ̀nà, ó tu ú dànù.)

ÀTINÚKẸ́: Àgbo ibà ni!

ADÉRÍBIGBÉ: Kọfí gidi nìyẹn!

(Àtinúkẹ́ padà wọlé, ó wá jókòó wẹ́rẹ́.)

ÀTINÚKẸ́: Oyèlékè, tí ń sá fún àgbo bí ọmọdé. Nítorí èyí ló ṣe ń jí ní ìdájí? Àfi kí ẹ̀rọ Róòsì dára ju tiyín lọ. Èwo lẹ tà fún un?

ADÉRÍBIGBÉ (ó ń gbéraga): Róòsì wo? Kò sí ohun èlò òyìnbó tó wọ ìlú yìí tí kò gba ọwọ́ mi kọjá. Róòsì ò ní ẹ̀rọ kankan. Ife méjì péré ló rà lọ́dọ̀ mi.

(Adéríbigbé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ. Ó fọwọ́ bo ẹnu.)

ÀTINÚKẸ́: Ife méjì.

ADÉRÍBIGBÉ: Ìyá Adéṣínà, ó lè jẹ́ omi lásán ni wọ́n...

ÀTINÚKẸ́ (ó dìde, ó tún gèlè rẹ̀ wé): Ẹ daṣọ bo ẹ̀rọ yín. Ṣé irú ife yẹn ṣì kù?

ADÉRÍBIGBÉ: Ó kù. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?

ÀTINÚKẸ́: Ẹ ta ẹyọ kan fún mi. Ní ìdájí ọ̀la, àwa mẹ́ta la ó jọ mu ún.