Máòsì Tí Ó Sọ Bàbá Oyèdàpọ̀ Di Òkú

Ẹjọ́ tí ó wọ ààfin Baálẹ̀ Yorùbá ní Kwangila, ní Zaria, lánàá kì í ṣe ẹjọ́ ilẹ̀, kì í sì í ṣe ẹjọ́ ìyàwó. Ẹjọ́ máòsì ni. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé eku ni mo ń sọ. Máòsì kọ̀ǹpútà ni, èyí tí èèyàn ń fọwọ́ tì káàkiri orí tábìlì. Ohun tí kò ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ ni ó kó àwọn àgbàlagbà jọ lọ́sàn-án gangan.

Ààfin tí mo ń wí yìí, pálọ̀ Baálẹ̀ ni. Olóyè Oyèbámijí, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìntì, ni Baálẹ̀ wa, Kábíyèsí ni a sì ń pè é nítorí pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí iná, ooru mú, inú Baálẹ̀ ti bàjẹ́ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo máa ń ké sí àwọn ẹlẹ́jọ́ wọlé níbẹ̀, mo sì mọ̀ pé lọ́jọ́ tí fáànù kò bá yí, ẹni tó bá jẹ̀bi wọ gàù.

Morónkẹ́, ìyá Ìyanu, ni ó pe ẹjọ́. Ará Ọmù-Àrán ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n ní Zaria níbí ni wọ́n bí i sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa tẹ ìwé lórí kọ̀ǹpútà fún àwọn èèyàn: ìwé àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó wà ní Samaru, ètò ìgbéyàwó, ètò ìsìnkú. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kì í kúrò lórí máòsì. Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni Ọláníran, tí ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Kwangila, tí ó sì ń pe ara rẹ̀ ní Injiníà. A kò tí ì rí ilé ẹ̀kọ́ tó fún un ní orúkọ yẹn, ṣùgbọ́n bí o kò bá fi pè é, kò ní dá ọ lóhùn.

Morónkẹ́ kúnlẹ̀, ó sì rojọ́. Ó ní òun ní máòsì dúdú kan tẹ́lẹ̀, oníwáyà, tí òun ti lò pẹ́. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra, òun fẹ́ lọ sí Samaru láti lọ yan òmíràn fúnra òun. Ọláníran ní kí òun má yọ ara òun lẹ́nu, pé obìnrin kò mọ máòsì yàn, àwọ̀ ni wọ́n máa ń wò. Ó lọ bá òun rà á. Èyí tí ó gbé dé tóbi bí ìjàpá, àwọn bọ́tìnnì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí eéwo, iná pupa àti iná aláwọ̀ ewé sì ń ṣẹ́jú lábẹ́ rẹ̀. Ọláníran wá mú máòsì àtijọ́ náà lọ, ó ní òun yóò lọ sọ ọ́ nù.

Bí Morónkẹ́ kò bá na ọwọ́ rẹ̀ tán, ìka rẹ̀ kì í dé iwájú máòsì tuntun yìí. Kò pẹ́ tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, débi pé kò lè fún aṣọ mọ́, Ìyanu ọmọ rẹ̀ ni ó sì ń bá a ro tùwó. Èyí tó burú jù ni pé bí ó bá tẹ máòsì náà lẹ́ẹ̀kan, máòsì yóò tẹ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó lọ sọ fún Ọláníran. Ọláníran ní kó ṣe sùúrù, ọwọ́ rẹ̀ yóò mọ́ ọn.

Nígbà náà ni Bàbá Ọlábánjí kú, wọ́n sì gbé ètò ìsìnkú fún Morónkẹ́. Àwòrán méjì ni wọ́n fún un: ti òkú, tí yóò wà ní iwájú ìwé, àti ti Bàbá Oyèdàpọ̀, àbúrò òkú, tí yóò wà lókè ọ̀rọ̀ ìdágbére rẹ̀. Morónkẹ́ to gbogbo rẹ̀ sí ààyè wọn. Ó kù díẹ̀ kó fi ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé nígbà tó fẹ́ sún àwòrán kan sókè. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, máòsì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, àwòrán méjèèjì sì gba ipò ara wọn. Ọwọ́ ń ro ó, àwọn olókùú ń pè é lórí fóònù. Kò tún ìwé náà wò mọ́.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Danmagaji, ìjọ ṣí ìwé, wọ́n sì rí Bàbá Oyèdàpọ̀ níwájú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n kọ "Sùn un re o" sábẹ́ rẹ̀. Bàbá Oyèdàpọ̀ alára jókòó ní ìlà iwájú, ó ń fi ìwé náà fẹ́ atẹ́gùn sára, kò tí ì wò ó. Nígbà tí ó dìde láti sọ̀rọ̀, ìyá àgbà kan tó ti Ìsánlú wá ṣubú lulẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn àna bàbá ní Kàbbà ti ń pe fóònù ilé rẹ̀, wọ́n ń sunkún. Bàbá fúnra rẹ̀ gbé e, ó ní, "Ẹ ǹlẹ́ o." Ni wọ́n bá pa fóònù.

Láti ọjọ́ náà, Bàbá Oyèdàpọ̀ kò kí Morónkẹ́ mọ́. Olókùú kankan kò tún gbé iṣẹ́ fún un, bẹ́ẹ̀ ni àwọn onígbèéyàwó ń bẹ̀rù pé kó má lọ fi ẹlòmíràn ṣe ọkọ ìyàwó. Ìyẹn ì bá tó ìyà, ṣùgbọ́n Ọláníran ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń sọ pé máòsì kọ́ o, Ìyá Ìyanu ti dàgbà jù fún kọ̀ǹpútà ni. Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé Morónkẹ́ dé ààfin.

"Kábíyèsí, ẹ bá mi bi í," ni ó wí. "Ṣé máòsì ni mo ní kó bá mi rà, àbí orúkọ mi ni mo ní kó bá mi bàjẹ́?"

Baálẹ̀ kọ́kọ́ kọjú sí Morónkẹ́ gan-an.

"Ojú rẹ ńkọ́? Ṣé máòsì ló ní kí o má wo ìwé kí o tó fi ránṣẹ́?"

"Mo jẹ̀bi ìyẹn, Kábíyèsí. Ìrora ló jẹ́ kí n kánjú."

Baálẹ̀ ní ó pẹ́ tí ẹnìkan ti sọ "mo jẹ̀bi" nínú pálọ̀ yìí, kí a wò ó bóyá ó lè ran ẹlòmíràn. Ó ní kí Ọláníran dìde.

Jákẹ́ẹ̀tì ni Ọláníran wọ̀ nínú ooru yẹn. Ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Kábíyèsí, ojúlówó ni máòsì náà, kò ní àléébù kankan. Ọwọ́ Ìyá Ìyanu ló kéré."

"O ní kí ni?"

"Ọwọ́ wọn kéré, Kábíyèsí. Ẹni tó ṣe máòsì ṣe é bó ṣe yẹ kó rí. Bí ọwọ́ kò bá bá a mu, bàbá àti ìyá tó bí wọn ni kí wọ́n pè lẹ́jọ́."

"Bàbá rẹ̀ ti kú. Ìyá rẹ̀ náà ti kú."

"Ẹ rí i pé ẹjọ́ kò ní olùjẹ́jọ́. Ẹ bá wa tú u ká."

Baálẹ̀ bi í nípa bí máòsì ṣe ń tẹ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní àìsàn kọ́, ìtara ni. Baálẹ̀ bi í pé kí ni iná abẹ́ rẹ̀ wà fún. Ó ní kí ó lè máa rí ọ̀nà nínú òkùnkùn ni.

"Ó rí ọ̀nà," ni Baálẹ̀ wí. "Ó rí ọ̀nà dé inú ìwé òkú."

Bàbá Oyèdàpọ̀ wà lára ìgbìmọ̀ Baálẹ̀, ó sì ti jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ó wá ní òun fẹ́ sọ ohun tí ojú òun rí. Ọláníran gbé ọwọ́ sókè.

"Mo ta kò ó, Kábíyèsí. Òkú kì í jẹ́rìí. Ìwé tí gbogbo ìjọ gbà ti sọ pé Bàbá kú, a kò sì tí ì tẹ òmíràn tó sọ pé wọ́n jí."

Bàbá Oyèdàpọ̀ na ọwọ́ sí ọ̀pá rẹ̀. Baálẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó jọ̀wọ́ jókòó, pé bí òkú bá lu alààyè, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn, òun kò sì ní agbára rẹ̀ nínú ooru yìí.

A pe ẹlẹ́rìí. Obed ni ó kọ́kọ́ wọlé, ẹni tó ta máòsì náà ní Samaru. Ọláníran ti sọ pé Obed ló fi dá òun lójú pé irú rẹ̀ ni àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì ńlá ń lò. Obed ní irọ́ ni. Ó ní òun sọ fún un pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣeré ìbọn ló máa ń rà á. Ó ní Ọláníran kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ìkankan nínú àwọn máòsì tó wà níbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí tó ti nàka sí èyí tó ń tàn jù.

"Ṣé nǹkan kan ń ṣe máòsì náà nígbà tí o tà á?" ni Baálẹ̀ bi í.

Obed ní kò sí nǹkan tó ń ṣe é. Kò pẹ́ tó fi fẹnu ara rẹ̀ sọ pé gbogbo èyí tó kù nínú páálí kan náà ni àwọn oníbàárà ti dá padà, nítorí tẹ̀ẹ́-lẹ́ẹ̀mejì yìí kan náà.

"Èwo ni ká gbà nínú méjèèjì?"

"Méjèèjì ni, Kábíyèsí. Ara rẹ̀ yá nígbà tí mo tà á, mo sì mọ̀ pé yóò ṣàìsàn."

Baálẹ̀ ní kó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, jìnnà sí òun.

Ẹlẹ́rìí kejì ni Jamilah, tó ń rán aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ti Morónkẹ́. Ọmọ Hausa ni, ṣùgbọ́n àárín Yorùbá ló dàgbà sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì dán ju ti ọ̀pọ̀ ọmọ wa lọ.

"Ranka ya daɗe," ni ó fi kí Baálẹ̀ ní èdè Hausa pé kí ẹ̀mí rẹ̀ gùn, "máòsì dúdú tí wọ́n ní wọ́n sọ nù yẹn, mo rí i. Orí tábìlì Ọláníran ló wà. Òun ló fi ń ṣiṣẹ́."

Ọláníran ní máòsì dúdú pọ̀ nílùú. Jamilah ní wáyà èyí ti ń ṣí tẹ́lẹ̀, òun alára ló sì fi òwú pupa wé e fún Ìyá Ìyanu. Ọláníran ní ó lè jẹ́ pé òun ń yẹ̀ ẹ́ wò ni. Baálẹ̀ kò bá a jiyàn. Ó kàn ní kí n lọ mú un wá. Ṣọ́ọ̀bù Ọláníran kò jìnnà, mo lọ, mo sì mú un dé. Òwú pupa wà lọ́rùn rẹ̀.

Baálẹ̀ gbé máòsì náà lé orí àga, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé e, ó sì tì í síwá sẹ́yìn.

"Kí ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀?"

"Ìdọ̀tí ló wà lábẹ́ rẹ̀, Kábíyèsí. Mo nù ún kúrò."

"Nígbà tí o nù ún tán, kí ló dé tí o kò dá a padà fún ẹni tó ni ín?"

Ọláníran wo ilẹ̀.

"Ó rọ̀ mí lọ́wọ́."

"Kí ló dé tí o kò ra oníná yẹn fún ara rẹ?"

"Ọwọ́ á máa ro èèyàn, Kábíyèsí."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Morónkẹ́ fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, ó sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo rò pé ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dá òun fúnra rẹ̀ lójú pé kì í ṣe ọjọ́ orí òun ló fa gbogbo rẹ̀.

Baálẹ̀ àti ìgbìmọ̀ forí korí. Nígbà tí wọ́n jókòó padà, Baálẹ̀ ní kí Olorì, ìyàwó rẹ̀, mú bàtà tó ń wọ̀ lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin wá. Ẹsẹ̀ Olorì kéré bíi ti ọmọdé, bàtà náà sì ní gìgísẹ̀ ṣóńṣó. Ẹsẹ̀ Ọláníran ní tirẹ̀ dà bí ọkọ̀ ojú omi.

"Ọláníran, ojúlówó ni bàtà yìí," ni Baálẹ̀ wí. "Kò ní àléébù. Bọ́ tìrẹ, kí o ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Òun ni wàá máa wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, òun ni wàá máa wọ̀ bọ̀, títí ọwọ́ Ìyá Ìyanu yóò fi san. Bí ó bá há ọ lẹ́sẹ̀, má wá bá mi. Bàbá àti ìyá tó bí ọ ni kí o lọ pè lẹ́jọ́."

Ó ní kí Obed gba máòsì bí ìjàpá rẹ̀ yẹn padà. Ó ní kí Morónkẹ́ mú ti àtijọ́ rẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí ìyẹn bá sì kú lóòótọ́, kí ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù Obed fúnra rẹ̀, kí ó máa gbé ọwọ́ lé máòsì kọ̀ọ̀kan lórí tábìlì, kí ó máa tì í, kí ó máa tẹ̀ ẹ́, títí yóò fi rí èyí tó gba ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n wọ̀n ọ́n fún un. Bí èyí tó bá yàn bá fi tẹ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí Obed rántí pé Olorì ní bàtà mìíràn. Ìyà ti Morónkẹ́ ni kí ó pe gbogbo àna Bàbá Oyèdàpọ̀ ní Kàbbà lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, kí ó tọrọ àforíjì, kí ó sì fi dá wọn lójú pé ọkùnrin náà ṣì ń jẹun.

"Ní ọjọ́ Ìsinmi," ni Baálẹ̀ tún sọ fún Ọláníran, "wàá dúró níwájú ìjọ ní Danmagaji pẹ̀lú bàtà náà lẹ́sẹ̀. Jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí o máa sọ níbẹ̀."

Ọláníran bẹ̀bẹ̀ títí. Ó pe Olorì, ó pe ìgbìmọ̀, ó tilẹ̀ pe Bàbá Oyèdàpọ̀ tó ní kò lè jẹ́rìí. Nígbà tó rí i pé kò sí ẹni tó máa gba òun sílẹ̀, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Bàbá Oyèdàpọ̀ kò kú."

"Ta ló pa wọ́n?"

"Èmi ni."

"Ìyá Ìyanu ńkọ́?"

"Kò darúgbó, Kábíyèsí. Èmi ni n kò mọ nǹkan tí mo ń rà."

Baálẹ̀ ní ó dára, ṣùgbọ́n kí ó sọ ọ́ sókè ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà, nítorí pé àwọn àgbà tó jókòó lẹ́yìn kì í gbọ́ràn dáadáa. Ọláníran jáde, ó di ògiri mú, bàtà Olorì ń dún lábẹ́ rẹ̀ kò-kò-kò títí ó fi dé ojú títì.

Morónkẹ́ ká wáyà máòsì rẹ̀, ó sì fẹ́ máa lọ. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó dé ọ̀dọ̀ Bàbá Oyèdàpọ̀, ó dúró, kò mọ̀ bóyá kí òun kí i tàbí kí òun kọjá. Bàbá náà ló pè é.

"Morónkẹ́," ni ó wí, "ọjọ́ tí mo bá kú lóòótọ́, ìwọ ni kí o tẹ ìwé tèmi. Ṣùgbọ́n àwòrán kan ṣoṣo ni kí wọ́n fún ọ."

"Yóò pẹ́, Bàbá," ni Morónkẹ́ wí lórí ìkúnlẹ̀, omi sì dé ojú rẹ̀.