Irun Òwúrọ̀ Kan

Ọ̀sán gangan ní Atakpamé, oṣù Kẹwàá ọdún 1988. Wọ́n ti fa ilẹ̀kùn irin ilé oògùn kan sílẹ̀ títí di aago mẹ́ta, bí wọ́n ti ń ṣe lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ènìyàn méjì ṣì wà nínú rẹ̀: Eugène tó ń ta oògùn, tí gbogbo ìlú ń pè ní Dókítà nítorí pé ó ti ń wọ ẹ̀wù funfun fún ọdún mọ́kànlá, àti Joachim, gbẹ́nàgbẹ́nà àdúgbò Agbonou, tí kò tíì ṣí fìlà rẹ̀.

Kò fẹ́ ṣí i. Ohun tó wà lábẹ́ fìlà ló gbé e wá. Tàbí ohun tí kò sí lábẹ́ rẹ̀.

"Fòfó Joachim, ẹ ṣí i," Eugène wí. "Ojú mi ti rí ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Fòfó ni ó ń pe ọkùnrin tó bá jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń pe ti Joachim gùn díẹ̀, kó wọlé dáadáa. Lucie, àbúrò ìyàwó Joachim tó jẹ́ àbíkẹ́yìn ilé wọn, ni ó fẹ́ fẹ́. Nínú oṣù Kejìlá ni yóò gbé ọtí ìtọrọ lọ fún àwọn ará ilé wọn ní Moretan. Torí náà ni kò ṣe lè lé ọkùnrin yìí lọ, kí òun náà lọ jẹun.

Joachim ṣí fìlà.

Orí náà dán. Irun díẹ̀ lẹ́yìn etí ọ̀tún, díẹ̀ lẹ́yìn etí òsì, bí aládùúgbò méjì tó jà tí wọn kò fẹ́ pàdé mọ́. Àwọn ọmọ Agbonou ń sọ pé bí wọ́n bá gbé orí náà dúró ní Kamina, níbi tí àwọn Jámánì kọ́ ilé rédíò wọn sí láyé àtijọ́, yóò tún máa gba ìròyìn láti Jámánì.

Eugène kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn fọwọ́ kan irun tirẹ̀. Irun náà ga, ó dúdú, ó yí orí rẹ̀ ká bí ìtẹ́ ẹyẹ ńlá, òòyà onígi kan sì ti dúró ṣánṣán nínú rẹ̀ láti àárọ̀.

Joachim gbé ìgò kékeré kan lé orí káńtà. Philippe àbúrò rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ láti Faransé, pẹ̀lú bàtà aláwọ kan tó tóbi ju ẹsẹ̀ Joachim lọ ní ìka méjì, tó sì wọ̀ wá lónìí. Oògùn irun ọkùnrin. Tuntun. Ìwé pélébé kan wà nínú páálí rẹ̀, tí lẹ́tà inú rẹ̀ kéré bí ẹsẹ̀ èèrà, èdè Faransé tó le. Ó fẹ́ kí Dókítà ka ohun tí oògùn náà lè bà jẹ́ lára fún òun, kó fo gbogbo ìyókù.

Ohun tí kò sọ fún Dókítà rèé.

Ní ilé àna rẹ̀, ilé Olúgbódi baba ìyàwó rẹ̀ ní Moretan, bí wọ́n bá ń ṣe ìnáwó òkú àgbà, gbogbo ọkọ àwọn ọmọbìnrin ilé a kúnlẹ̀ róbótó ní àgbàlá, kálukú pẹ̀lú aṣọ funfun ní àtẹ́lẹwọ́. Ìyá Ìbíọlá, ẹni tó dàgbà jù nínú ilé, a mú abẹ, a fá orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Irun a máa bọ́ sínú aṣọ. Irun yẹn ni ẹkún ọkùnrin lójú wọn. Bí ó bá pọ̀, ẹkún pọ̀. Nígbà tí ìyá ìyàwó rẹ̀ kú lọ́dún méjì sẹ́yìn, abẹ Ìyá Ìbíọlá wá irun lórí Joachim títí, bí ẹni tó ń wá ẹ̀pà nínú oko tí wọ́n ti wú tán. Ó tẹ orí náà síhìn-ín. Ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún. Ó wá bi í, lóhùn tí gbogbo àgbàlá gbọ́, pé ilé ta ni ó ti lọ fá orí kó tó wá sílé àwọn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyẹn kò dun Joachim púpọ̀. Ohun tó dùn ún ni Céline, ìyàwó rẹ̀. Àkọ́bí ilé ni Céline, iwájú ni àyè rẹ̀. Wọ́n ní kó dìde níbẹ̀, kó lọ jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ewúrẹ́, nítorí pé ọkọ rẹ̀ kò mú nǹkan kan wá. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó síbẹ̀. Kò fi ẹnu kan ọ̀rọ̀ náà títí di òní.

Ní báyìí, Olúgbódi fúnra rẹ̀ ti kú. Wọ́n ti sin ín, ṣùgbọ́n oṣù Kejì ọdún tó ń bọ̀ ni ìnáwó. Oṣù mẹ́rin. Joachim ti fi àdí pa orí. Ó ti fi àlùbọ́sà pa á. Ó ti fi omi mímọ́ ọjọ́ Àjíǹde pa á. Eṣinṣin nìkan ló dáhùn.

Eugène tú ìwé náà, ó gbé awò ojú wọ̀, ó wúkọ́. Ó fẹ́ràn àti máa ka irú nǹkan báyìí sókè.

"Ó ní ó lè mú kí orí máa yún ènìyàn."

"Orí tó bá ń yún, kò tíì kú."

"Òòyì lè kọ́ ènìyàn."

"Mo ti ń gun òrùlé láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Èmi àti òòyì mọ ara wa."

"Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lè wú."

Joachim na ẹsẹ̀ ọ̀tún jáde lábẹ́ káńtà, ó wo bàtà Philippe, ó mi ìka ẹsẹ̀ nínú rẹ̀. "Àyè wà."

"Irun lè hù níbi tí ẹ kò pè é sí. Ojú. Apá. Ẹ̀yìn."

Èyí mú Joachim ronú. Ó béèrè, jẹ́ẹ́, pé bí irun bá jẹ́ ti apá, ṣé wọ́n máa ń kà á mọ́ irun. Eugène bi í pé ta ni yóò kà á. Joachim ní kó máa kàwé lọ.

"Kò gbọdọ̀ kan ẹlòmíràn lára. Bí ó bá kan ìrọ̀rí, tí ẹ̀gbọ́n wa Céline sì sùn lé ìrọ̀rí náà, ẹ ó jí lọ́jọ́ kan, ẹ ó bá irunmú lẹ́nu rẹ̀."

"Orí ẹní ni n ó máa sùn."

"Fún oṣù mélòó?"

"Mẹ́rin."

Eugène wò ó lókè awò. Ó padà sínú ìwé. Ó ní èyí tó kàn yìí kì í ṣe eré: oògùn náà lè mú kí ọkàn máa sáré, ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá sì ń sáré tẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kàn án. Ó fa ẹ̀rọ ìwọn ẹ̀jẹ̀ ríru jáde, ó dì í mọ́ apá Joachim, ó fẹ́ ẹ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga. Ó tú u. Ó ní kí Joachim ronú nípa iṣẹ́ rẹ̀. Joachim ronú nípa pákó ìrókò gígùn kan, tó tọ́, tí kò ní kókó. Ó wálẹ̀. Ó dára.

"Ní báyìí," Eugène wí, "ẹ ronú nípa ohun tí ẹ fẹ́ fi irun náà ṣe."

Ó tún ga.

Eugène tú aṣọ ẹ̀rọ náà kúrò lápá rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ti rí nǹkan. Ó ní òun yóò ka ìlà tó burú jù fún un, kó gbọ́ ọ dáadáa. Àárọ̀ àti alẹ́ ni wọ́n ń lò ó. Bí ènìyàn bá dáwọ́ dúró, gbogbo irun tó bá hù yóò tún já. Ìyẹn ni pé títí ayé ni.

Joachim rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. "Títí ayé kẹ̀? Òwúrọ̀ kan ni mo fẹ́ ẹ fún."

Ẹnì kan ń ti kẹ̀kẹ́ kọjá lẹ́yìn ilẹ̀kùn irin.

"Òwúrọ̀ wo?"

"Òwúrọ̀ Sátidé kan."

"Ta ló fẹ́ rí irun yín ní òwúrọ̀ Sátidé?"

"Ìbíọlá."

"Obìnrin."

"Obìnrin ni."

"Ní Agbonou níbẹ̀?"

"Rárá o. Moretan."

Eugène fa àga, ó jókòó. "Moretan tí ilé àna yín wà?"

"Inú ilé àna mi gan-an ni. Ní àgbàlá."

"Kí ni ẹ ó máa ṣe ní àgbàlá, Fòfó?"

"Èmi á kúnlẹ̀. Òun á di orí mi mú." Joachim fi ọwọ́ méjèèjì hàn án, bí Ìyá Ìbíọlá ti máa ń dì í. "Á tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, á tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún."

"Ẹ̀gbọ́n wa Céline mọ̀ sí i?"

"Iwájú ni yóò jókòó. Tirẹ̀ ni mo ń rò tí mo fi ń ṣe gbogbo èyí."

"Lucie ńkọ́?" Eugène sún àga mọ́ káńtà.

"Gbogbo wọn ni yóò wà níbẹ̀. Wọn á máa kọrin."

Eugène yọ awò. Ó nù ún. Ó tún gbé e wọ̀. Ilé tó fẹ́ wọ̀ yìí, kò sẹ́ni tó sọ èyí fún un. "Ọmọ ọdún mélòó ni obìnrin náà?"

"Ọgọ́rin. Ó lé díẹ̀."

Ó wá di dandan kí Joachim sọ ọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀, ojú rẹ̀ lórí ìgò: ìkúnlẹ̀, aṣọ funfun, abẹ tó ń wá ẹ̀pà. Eugène bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí òòyà fi já bọ́ lórí rẹ̀. Ó ń lu káńtà, ó ń nu ojú. Gbogbo ìyà yìí, kí wọ́n lè rí nǹkan fá. Joachim dúró kó parí. Ó wá dé orí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó sọ bí ewúrẹ́ kan ṣe jẹ etí ìró Céline ní ọjọ́ kejì, tí Céline kò yí padà wò ó, nítorí pé bí ó bá yí padà, àwọn ènìyàn yóò rí ojú rẹ̀.

Eugène kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó he òòyà nílẹ̀. Ó tún ìwé náà kà, láìpariwo lọ́tẹ̀ yìí, ìka rẹ̀ ń tọ ìlà.

"Fòfó. Oṣù mẹ́rin ni ó ní kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Ìyẹn lórí àwọn ọ̀dọ́, tí irun wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ. Orí tó ti dán tó báyìí, ìwé kò ṣèlérí nǹkan kan fún un. Òòyì yóò kọ́ yín, ẹsẹ̀ yín yóò wú, ẹ kò ní rí irun."

"N kò tilẹ̀ ní rí díẹ̀?"

"Irun wẹ́wẹ́ kan, bóyá. Bíi ti ara píṣì, èso àwọn òyìnbó, tó rọ̀ bí òwú."

Joachim kò mọ píṣì. Ó mọ bóyá. Ó gbé fìlà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ orúnkún, kò dé e. Láti tù ú nínú, Eugène ní irun kì í ṣe ohun tó yẹ kí ọkùnrin máa banújẹ́ lé lórí, ó sì fi òòyà rẹ̀ gún irun padà bó ti ń sọ ọ́. Òòyà náà rì. Èkù rẹ̀ nìkan ló yọ.

Joachim gbójú sókè. Ó wo òòyà. Ó wo ibi tó rì sí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo orí Eugène bí ó ti máa ń wo ìtì igi tó fẹ́ là: ibi tó gbòòrò, ibi tó ga, iye tí yóò jáde nínú rẹ̀.

"Dókítà. Ọjọ́ wo ni ọtí rẹ ń lọ sí Moretan?"

"Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kejìlá."

"Kí oṣù Kejì tó dé, ìwọ náà ti di àna."

Eugène ti fẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín náà kò parí. Ọwọ́ rẹ̀ gòkè fúnra rẹ̀, ó lọ bo irun.

"Róbótó ni wọ́n ń kúnlẹ̀," Joachim wí, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń ṣàlàyé ìsopọ̀ pákó méjì. "Ọkọ àkọ́bí ni Ìyá Ìbíọlá fi ń bẹ̀rẹ̀, ọkọ àbíkẹ́yìn ló fi ń parí. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni ó ń padà dé. Ẹ̀gbẹ́ mi gan-an ni wàá wà. Aṣọ rẹ, aṣọ mi, wọ́n kan ara wọn. Ojú ìyá àgbà kò ríran púpọ̀ mọ́. Bí o bá tẹ orí díẹ̀ sí òsì, tèmi náà á kún. Ìdajì tìrẹ ju gbogbo ti Gérard, ọkọ àbúrò Céline kejì, lọ."

Eugène ní ọdún mẹ́fà ni òun fi tọ́jú irun yìí. Ó ní irun yìí ni wọ́n fi ń mọ òun láti ọjà títí dé ilé ìwòsàn. Ó ní irun náà ni Lucie kọ́kọ́ rí. Ó wá rántí pé kò sí ohun tó ń lé òun: òun lè sún ọtí sí oṣù Kẹta, kí ìnáwó ti kọjá.

"Lucie ti kọ̀wé sí wọn," Joachim wí. "Wọ́n ti ra aṣọ rẹ."

"Aṣọ wo?"

"Funfun. Ìdajì mítà ni wọ́n ra fún Gérard. Ìdajì mítà fún èmi náà, wọ́n ṣàánú mi. Tìrẹ, mítà méjì. Wọ́n ti rí ọ nínú fọ́tò."

Joachim gbé ìgò náà, ó wò ó sí ìmọ́lẹ̀, ó sì fi ìka kan tì í gba orí káńtà kọjá, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé iwájú ẹ̀wù funfun.

"Bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní. Kí irun náà lè tó wa méjèèjì."

"Èmi? Fòfó, ẹ kò gbọ́ ohun tí mo kà ni? Yóò máa yún mi."

"Òòyà wà lọ́wọ́ rẹ."

"Ọkàn mi ti ń sáré báyìí."

"Orúkọ Moretan tí o gbọ́ ló fà á. Ronú nípa ìrókò."

"Ẹsẹ̀ mi á wú."

Joachim bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó bọ́ bàtà Philippe lẹ́sẹ̀, ọ̀tún, òsì, ó tò wọ́n sórí káńtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò. Ó dé fìlà rẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ sí ìdí ilẹ̀kùn irin.

"Àyè wà," ó wí.