Oyún Inú Ìgò

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé, ọjọ́ tí ọkùnrin kan fún mi lóyún ní ọsibítù kan ní Adó láìfọwọ́ kàn mí.

Tíṣà ni mí ní Ìyìn, ọdún tí àwọn sójà ń múra àtigbé ìjọba sílẹ̀. Mo ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, n kò lọ́kọ, n kò lálè. Èébì wá ń gbé mi. Ọ̀gá wa, tó jẹ́ díákónì, ní kí n lọ yẹ ìtọ̀ mi wò: bó bá jẹ́ oyún, kí n má padà wá sílé ìwé mọ́. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ́tótó! Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun, wọ́n tún fi ìyẹn mú mi lólóyún.

Ọkùnrin tó ń yẹ ìtọ̀ wò kán tèmi, tí mo fi ìgò gbé wá láti ilé, sórí gíláàsì dúdú, ó kán omi funfun kan mọ́ ọn, ó ń mì ín.

“Tíṣà, ìlẹ̀kẹ̀ tín-ín-tìn-tín tójú ò rí ló wà nínú omi yìí. Bí kò bá sí oyún, wọ́n á dì mọ́ra bíi wàrà tó dì. Bó bá wà, wọn ò ní dì.”

Kò dì. Mo ní kó mì ín sí i. Kò dì.

“Ẹ kú oríire, mà.”

“Oríire wo? Oyún ta ni?”

“Ìyẹn ò sí nínú gíláàsì, mà.”

Mo sunkún délé sọ fún ìyá mi. Mo rò pé á bínú. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Kí n tó nujú, ó ti gba ilé àdúrà lọ. Ẹ gbọ́ ìwọ̀sí: ọ̀gá fẹ́ lé mi nítorí ohun tí n kò ṣe, ìyá mi ń dúpẹ́ lórí ẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, mo gbé ìjà padà lọ sí Adó. Ọkùnrin náà fún mi ní ìgò tirẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kíá ló dì.

“Kí lẹ fi fọ ìgò àná?”

“Ọṣẹ ìfọṣọ ẹlẹ́bu. N kò sì ṣàn án tán, kó lè máa ta sánsán nínú mọ́tò.”

“Ọṣẹ yẹn ni kò jẹ́ kó dì.”

Ọ̀gá gba ìwé àyẹ̀wò tuntun náà, kò bẹ̀ mí, ó ní kí n lọ kọ́ kíláàsì mi. Aràn ló ń fa èébì ọ̀hún, ṣùgbọ́n tíṣà ìmọ́tótó kì í sọ irú ìyẹn.

Ìyá mi nìkan ni inú rẹ̀ ò dùn.

“Ùwọ ọmọ yìí, kí lo tún padà lọ wá ní Adó? Mo ti sọ ọmọ náà lórúkọ.”

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé omi lásán ló yẹ ìgò ìtọ̀. Mo máa ń fi ìtàn náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú ṣì ń bí mi sí ara mi pé n kò béèrè orúkọ yẹn títí ìyá mi fi kú.