Aṣọ Pa-dù-ṣá

Wọ́n ní ológbò ti gbaṣẹ́ olùkọ́ nílé ẹ̀kọ́ ijó tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, pé wọ́n tiẹ̀ ti ń rán aṣọ fún un. Télọ̀ ìsàlẹ̀ gbọ́, kò bá wọn jiyàn. Ṣebí òun ló rán an! Ó ń nu ojú rẹ̀, tí èékánná ti fàlà sí bí ìwé ọmọ iléèwé, nígbà tí Olùkọ́ Ijó já wọlé.

"Bàbá Télọ̀, aago mẹ́rin ni mò ń bọ́ sórí ìtàgé. Aṣọ pa-dù-ṣá mi dà?"

"Ó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, Àǹtí. Ó ń sùn."

"Aṣọ ń sùn?"

"Ẹni tó wọ̀ ọ́ ni."

Olùkọ́ Ijó gbójú sókè. Ìrù kan ń fì dirodiro.

"Orí mi o! Ológbò mi!"

"Ẹ̀yin lẹ ránṣẹ́ pé kí n rán aṣọ pa-dù-ṣá. Mo bi ẹni tó gbọ́ Faransé, ó ní ìṣísẹ̀ ológbò ni. Èmi kì í sì í gé aṣọ láìwọn ẹni."

"Ẹ wọn ológbò?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ọrùn ò ṣòro. Ìbàdí ló dà mí láàmú: kò ní."

"Ijó ni, Bàbá! Àwọn Faransé wo bí ológbò ṣe ń fò, wọ́n fi sọ ijó lórúkọ. Èèyàn á fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, á ká orúnkún kan, á ká èkejì lókè, á wá balẹ̀ láìdún."

"Ṣé kò sẹ́lòmíì tó ń balẹ̀ láìdún ni?"

"Bíi ta ni?"

"Ọkọ tó pẹ́ wọlé."

"Bàbá!"

"Ó dáa. Irọ́ ni wọ́n wá pa pé ológbò lolùkọ́ yín?"

Olùkọ́ Ijó yí ojú. "Ìdajì ẹ̀ lòótọ́. Òun ló kọ́ àwọn tó kọ́ wa. Ṣùgbọ́n kò wọṣọ rí!"

"Ẹ jẹ́ n gbìyànjú ẹ̀." Télọ̀ fò. Ó gbá àga, àga gbá máṣíìnì, gbogbo ilé mì.

"Ìyẹn kì í ṣe ti ológbò."

"Ti kí ni?"

"Ti àpò sìmẹ́ǹtì."

Ariwo náà jí ẹni tó ń sùn. Ológbò fò láti orí kọ́bọ́ọ̀dù tòun ti ṣẹ́dà funfun, apá aṣọ mẹ́rin, ihò ìrù kan. Ó ká ẹsẹ̀ kan, ó ká èkejì, ó balẹ̀ sórí tábìlì. Abẹ́rẹ́ ibẹ̀ ò mì.

"Pa-dù-ṣá!" Olùkọ́ Ijó pàtẹ́wọ́. Ó wá rántí aago. "Yéè! Ṣé ó ṣẹ́kù nínú aṣọ tí mo fi ránṣẹ́?"

"Kò kù. Ológbò yín fa mẹ́fà ya kí èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn."

Télọ̀ já kọ́tìnnì ojú fèrèsé bọ́ láti fi rán tiẹ̀, ó fa téèpù ìwọ̀n yọ, ó sì fi àga dáàbò bo ojú ara rẹ̀.

"Ẹ dúró dáadáa, Àǹtí. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín: tí mo bá dé ìbàdí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká èékánná sínú."