Agolo Èédú Nínú Yàrá Mi

Lọ́dún tí ìjà Warri gbóná, mo fi pákó kan gbogbo fèrèsé yàrá mi ní Igbudu pa, mo wá ń sùn sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, torí ọta ìbọn kì í bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi Tàíbátù ní yàrá náà á pa òun kí ìbọn tó pa òun, ló bá kẹ́rù lọ sí Ọ̀yọ́. Ó ní òun ò padà àfi bí Asiyah, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì, bá yẹ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ wò. Àárò rẹ̀ ń sọ mí, ni mo bá ránṣẹ́ pe Asiyah.

Ó gbé agolo kékeré kan dé, èédú ló wà nínú rẹ̀. Ó wo fèrèsé, ó wo ilẹ̀, ó mi orí.

"Bàbá, gáàsì kan wà tó ń jẹ́ rédọ́ọ̀nù. Inú ilẹ̀ ló ti ń jáde."

"Ọmọ Warri ni mí, mo mọ òórùn gáàsì."

"Èyí ò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ilé tí wọ́n bá sé pa ló ń kó jọ sí. Ẹni tó bá ń mí in sínú fún ọ̀pọ̀ ọdún lè ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró."

"Tí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ògiri mi ò lanu."

"Ilẹ̀ ló lanu, Bàbá. Ilẹ̀ tí ẹ̀ ń sùn lé."

Mo wo ibi tí símẹ́ǹtì ti sán. Èmi tí mo sá fún ìbọn òkè, mo wá lọ dojú bolẹ̀ fún gáàsì ìsàlẹ̀. Mo ní mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ó ṣí agolo náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní mi. Ó ní èédú inú rẹ̀ ni yóò fa gáàsì náà mọ́ra, ọjọ́ mẹ́ta ni yóò lò, kí n sì máa sùn bí mo ṣe ń sùn. Ó wá fi Pidgin kìlọ̀ fún mi, èdè tó máa ń sọ tó bá fẹ́ kí n gbọ́ dáadáa: "Bàbá, abeg, no touch am."

Lọ́jọ́ kẹta, ó dé e, ó gbé e lọ sí yunifásítì wọn fún àyẹ̀wò. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ó mú ìwé èsì wá.

"Bàbá, èsì yín yà wá lẹ́nu. Gáàsì yàrá yín ò tó ti pápá bọ́ọ̀lù."

"Ṣé o rí i? Kọ̀wé sí màmá ẹ ní Ọ̀yọ́ kó máa bọ̀."

Kò kọ nǹkan kan. Ó ń wo àga mi, tó ṣì wà nínú ọ̀rá láílọ́ọ̀nù tó bá a wá nígbà tí mo rà á lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn. Ó wo rédíò mi, òun náà wà nínú ọ̀rá.

"Bàbá, ṣé ẹ ò fọwọ́ kan agolo yẹn?"

"Ohun olóhun? Mo kàn fi ọ̀rá méjì wé e ni, mo so ó lẹ́nu pinpin kí eruku má bàa bà á jẹ́. Mo tú u kí o tó wá gbé e. Mo mọ nǹkan tọ́jú."

Asiyah jókòó. Ọ̀rá àga ń dún lábẹ́ rẹ̀. Ó yọ ìwé àti bírò.

"Ó dáa, Bàbá, ẹ jẹ́ kí n kọ̀wé sí Màmá. Màá sọ fún wọn pé kò sí gáàsì kankan nínú ọ̀rá yín. Tí wọ́n bá ti dé, kí ẹ̀yin méjèèjì bọ́ sínú rẹ̀, màá bá yín so ó lẹ́nu."